Propranolol: Bí oògùn tí wọ́n ṣe fún ọkàn ṣe di èyí tó ń dín ẹ̀jẹ̀ bíbì kù lára àwọn tó ní àrùn ẹ̀dọ̀

Tí ẹni tó jẹun alẹ́ tán láìsí ohun tó ń ṣe é bá ń bi ẹ̀jẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé wọ́n ti fi májèlé sóúnjẹ rẹ̀, tàbí pé ọwọ́ ọ̀tá ni.

Ọgbẹ́ inú lè fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun mìíràn wà tí àwọn dókítà máa ń bá lára ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà: ẹ̀dọ̀ ti ń bàjẹ́ láti ọdún pípẹ́ láìsí ìrora, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gba inú rẹ̀ kọjá kò rí ọ̀nà mọ́, ó sì ti wá ibòmíràn bẹ́.

Láti ọdún 1981 ni ayé ìṣègùn ti rí ẹ̀rí pé oògùn oníhóró kan lè dín ewu yìí kù. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń ṣe é, orúkọ rẹ̀ sì ni propranolol.

Wọn kò ṣe é nítorí ẹ̀dọ̀, wọn kò sì ṣe é nítorí ìfun. Ọkàn ni wọ́n ṣe é fún. Ìtàn bó ṣe ti ọkàn dé inú ikùn, àti ìdí tí ìtàn náà fi kan Nàìjíríà, Gambia àti Senegal, la fẹ́ sọ yìí.

Ẹ̀jẹ̀ tó yà kúrò lójú títì

Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti àpò oúnjẹ àti ìfun jáde kì í lọ sọ́dọ̀ ọkàn tààrà. Ó máa ń kọ́kọ́ gba iṣan ńlá kan wọ inú ẹ̀dọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ti máa ń ya ohun tó wúlò sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó léwu, kí ẹ̀jẹ̀ náà tó máa bá ìrìnàjò rẹ̀ lọ.

Tí àrùn bá ti bá ẹ̀dọ̀ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àpá á bò ó. Ibi tó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀ á le, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní lè gba inú rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ.

Ẹni tó bá ti há sí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn rí yóò mọ ohun tó kàn. Tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá gba ojú títì, àwọn awakọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ọ̀nà àdúgbò, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àmọ́ wọn kò ṣe ọ̀nà àdúgbò fún ọkọ̀ akẹ́rù. Kò ní pẹ́ tí á fi máa bàjẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà ṣe máa ń yà sí àwọn iṣan tín-ín-rín tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun, lára àpò oúnjẹ àti lára ìfun. Àwọn iṣan náà á wú, awọ wọn á fẹ́lẹ́, ọ̀kan nínú wọn sì lè bẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní portal hypertension nìyí. Ó yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọ̀n lápá. Èèyàn lè má ní ẹ̀jẹ̀ ríru rárá, kí ìfúnpá inú iṣan tó wọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀jẹ̀ náà máa ń tú yàà. Nígbà mìíràn, ńṣe ló máa ń jò díẹ̀díẹ̀ lára awọ inú àpò oúnjẹ àti ìfun fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni náà kò ní bì. Á kàn máa rẹ̀ ẹ́ ni, ojú rẹ̀ á máa funfun, ìgbẹ́ rẹ̀ sì lè dúdú bí ọ̀dà.

Ọ̀bẹ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé

Kí oògùn tó dé, iṣẹ́ abẹ ni àwọn dókítà kọ́kọ́ gbójú lé.

Lọ́dún 1877, Nikolai Eck, dókítà ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fi iṣẹ́ abẹ so iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀ ajá mọ́ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́dọ̀ ọkàn. Èrò rẹ̀ ni pé tí ẹ̀dọ̀ bá ti dí, kí ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó máa lọ.

Ọdún 1893 ni Ivan Pavlov àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun tó wà nídìí rẹ̀ hàn. Wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ náà fún ajá, wọ́n sì fún àwọn ajá náà lẹ́ran jẹ. Ìwà àwọn ajá náà yí padà, ẹsẹ̀ wọn kò dúró dáadáa mọ́, gìrì sì ń mú àwọn kan. Ohun tí ẹ̀dọ̀ ìbá ti sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ti ráyè dé inú ọpọlọ.

Síbẹ̀, nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn, àwọn dókítà padà sídìí iṣẹ́ abẹ yìí. Lọ́dún 1945, Allen Whipple àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York tẹ ìròyìn jáde lórí bí wọ́n ṣe ṣe é fún èèyàn. Ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ṣe ajá Pavlov kò yọ èèyàn sílẹ̀. Àwọn kan bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ bíbì, iyè wọn sì ń rá.

Lọ́dún 1950, Robert Sengstaken àti Arthur Blakemore gbé rọ́bà kan jáde tó ní bàlúùnù lára. Wọ́n á tì í gba imú tàbí ẹnu aláìsàn wọlé, wọ́n á fẹ́ bàlúùnù náà nínú kó lè tẹ iṣan tó ń ṣẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá tú u, ẹ̀jẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1956 ni oògùn abẹ́rẹ́ wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà fi omi tí wọ́n yọ látara ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ ẹranko mú kí iṣan ìfun fún pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè dín kù. Àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò lónìí fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lọ́wọ́ tẹ̀lé ipa ọ̀nà yẹn.

Àmọ́ ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ náà, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ya. Kò sí ohun tí èèyàn lè mú lọ sílé, kó máa lò ó lójoojúmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya rárá.

James Black àti ọkàn tó ń ṣiṣẹ́ jù

Ọdún 1924 ni wọ́n bí James Black ní Scotland. Àrùn ọkàn ló pa bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkàn sì gba Black lọ́kàn nígbà tó di dókítà.

Nígbà yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń wá ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa pọ̀ sí i lọ sínú ọkàn tí àyà ń dùn. Black bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mìíràn: tí ẹ̀jẹ̀ kò bá lè pọ̀ sí i, ṣé iṣẹ́ tí ọkàn ń ṣe kò lè dín kù ni?

Onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Raymond Ahlquist, ti la ọ̀nà sílẹ̀ lọ́dún 1948. Ó ṣàlàyé pé adrenaline, tó máa ń mú kí àyà wa lù kìkì tí ẹ̀rù bá bà wá, ní oríṣi ẹnu ọ̀nà méjì tó ń gbà ṣiṣẹ́ lára. Ó pe ọ̀kan ní alpha, ó pe èkejì ní beta.

Black lọ ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1958, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn tó máa ti ẹnu ọ̀nà beta pa. Èyí tó kọ́kọ́ rí, pronethalol, ṣiṣẹ́, àmọ́ ó fa kókó jẹjẹrẹ lára eku. Wọ́n pa á tì.

Lọ́dún 1964, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde èyí tó rọ́pò rẹ̀, ìyẹn propranolol. Ọkàn tó ń sáré á rọra, àyà dídùn á dín kù. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti di oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tó ní àrùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru káàkiri ayé.

Black gba àmì ẹ̀yẹ Nobel lọ́dún 1988 pẹ̀lú Gertrude Elion àti George Hitchings. Ó kú lọ́dún 2010. Kì í ṣe nítorí ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ṣe fún un ní Nobel. Ẹlòmíràn ló gbé oògùn rẹ̀ débẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí ní Beaujon

Ilé ìwòsàn Beaujon wà ní Clichy, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris. Níbẹ̀ ni Didier Lebrec àti Jean-Pierre Benhamou ti ń tọ́jú àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti sọ àpá.

Èrò wọn lọ báyìí: tí ẹ̀dọ̀ bá ti dí, tí a kò sì lè la ọ̀nà inú rẹ̀, ṣé a kò lè dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kù ni? Tí ojú títì bá ti há, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ púpọ̀ wọ ibẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni propranolol gbà bá èrò yìí mu. Ó ń mú kí ọkàn rọra, èyí ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde kù. Ó tún ń ti ẹnu ọ̀nà beta pa lára iṣan ìfun, kí àwọn iṣan náà lè fún pọ̀ díẹ̀. Nítorí ọ̀nà kejì yìí, oògùn ọkàn tí kò dé ara iṣan ìfun kò lè rọ́pò rẹ̀.

Lọ́dún 1980, wọ́n kọ́kọ́ kéde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé propranolol ń dín ìfúnpá inú iṣan náà kù. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni èyí tó bá mú kí lílù ọkàn aláìsàn dín kù ní ìdá 25 nínú 100.

Lọ́dún 1981 ni àbájáde ìdánwò wọn jáde nínú New England Journal of Medicine. Àwọn aláìsàn 74 ni wọ́n lò, gbogbo wọn ni ẹ̀jẹ̀ ti ya lára wọn rí. Wọ́n fún àwọn kan ní propranolol, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní oògùn nínú.

Lẹ́yìn ọdún kan, nínú àwọn tó ń lo propranolol, ìdá 96 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ kò tún ya lára wọn. Nínú àwọn tí kò lò ó, ìdá 50 péré ni.

Paris ní bẹ́ẹ̀ ni, London ní rárá

Ìròyìn náà ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, àwọn kan kò sì gbà á gbọ́.

Ní ilé ìwòsàn Royal Free ní London, Andrew Burroughs àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìdánwò náà ṣe. Àbájáde wọn jáde lọ́dún 1983 nínú ìwé ìròyìn kan náà tó gbé ti Paris. Wọ́n ní àwọn kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn tó lo oògùn náà àti àwọn tí kò lò ó.

Ohun kan tí àwọn onímọ̀ tọ́ka sí ni pé ara àwọn aláìsàn Paris ṣì le nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ìbéèrè tó kù wá ni pé: ìgbà wo gan-an ló yẹ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Lọ́dún 1987, àwọn dókítà láti ilé ìwòsàn mélòó kan ní Faransé mú apá kan ìdáhùn wá. Aláìsàn 230 ni wọ́n lò lọ́tẹ̀ yìí, tí iṣan ọ̀nà ọ̀fun wọn ti wú àmọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì ya lára wọn rí. Propranolol dín iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ya lára wọn kù.

Èyí yí ọ̀rọ̀ náà padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti ya lára rẹ̀, tó sì yè é, ni wọ́n ń wò. Ní báyìí, wọ́n ti rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tó ya rárá.

Nígbà tí wọ́n wo ara àpò oúnjẹ àti ìfun

Gbogbo ìwọ̀nyí dá lórí iṣan tó wú ní ọ̀nà ọ̀fun ní pàtàkì. Àmọ́ àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń dín kù láìjẹ́ pé iṣan ọ̀nà ọ̀fun wọn bẹ́.

Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ní kámẹ́rà wo inú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń rí i pé awọ àpò oúnjẹ ti pọ́n, ó sì ti wú. Ọ̀pọ̀ dókítà rò pé ọgbẹ́ lásán ni, wọ́n sì ń fún wọn ní oògùn ọgbẹ́ inú.

Lọ́dún 1985, àwọn dókítà ní Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi awọ náà sábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi. Wọn kò rí àmì ọgbẹ́ tí wọ́n ń retí. Ohun tí wọ́n rí ni àwọn iṣan kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ti kún inú wọn bámú. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ ló ti dé ara awọ náà.

Tó bá jẹ́ pé ìfúnpá ló fà á, a jẹ́ pé oògùn tó ń dín ìfúnpá kù ló yẹ kó wò ó. Àwọn dókítà ní Barcelona dán èyí wò lára aláìsàn 54, àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1991. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 65 nínú 100 àwọn tó lo propranolol ni ẹ̀jẹ̀ kò tún jò lára wọn, tí ti àwọn tí kò lò ó sì jẹ́ ìdá 38.

Ìfun fúnra rẹ̀ ló pẹ́ jù kí wọ́n tó rí inú rẹ̀ dáadáa. Ìfun kékeré gùn, ó sì lọ́ mọ́ra, ẹ̀rọ kámẹ́rà tí wọ́n ń tì gba ọ̀fun kì í lè dé ìdí rẹ̀. Lọ́dún 2001, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí kámẹ́rà kékeré tí èèyàn lè gbé mì bí oògùn, tó á máa ya àwòrán bó ṣe ń lọ nínú ìfun. Ìgbà yẹn ni àwọn dókítà wá ń rí i kedere pé irú awọ pípọ́n àti iṣan wíwú náà wà nínú ìfun ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti bàjẹ́.

Fún ẹ̀jẹ̀ tó ń jò láti ìfun yìí, ohun tí wọ́n kọ́ lára àpò oúnjẹ ni àwọn dókítà ṣì ń tẹ̀ lé: oògùn tó ń dín ìfúnpá kù bíi propranolol, àti oògùn tó ń dá èròjà iron padà sínú ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó kan wá níbí

Ní Yúróòpù, ọtí ló ba ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n fi ṣe ìdánwò wọ̀nyí jẹ́. Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ọtí wà níbẹ̀, àmọ́ ohun méjì mìíràn tún wà tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Èkíní ni kòkòrò àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní Hepatitis B. Baruch Blumberg, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣàwárí rẹ̀, wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1957 láti gba ẹ̀jẹ̀ onírúurú èèyàn fún ìwádìí lórí ohun tó mú kí ara kan yàtọ̀ sí ara kejì. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ló gbé e dé ìdí kòkòrò náà ní ọdún 1960 sí 1969, tó sì mú kó gba Nobel lọ́dún 1976.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Áfíríkà máa ń kó kòkòrò yìí látìgbà ọmọdé, lára ìyá tàbí lára ọmọdé ẹgbẹ́ wọn. Ó lè gbé nínú ẹ̀dọ̀ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún láìsí àmì kankan. Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé ìdá 8.1 nínú 100 èèyàn láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló ní in lára.

Gambia ló kọ́kọ́ gbé ìgbésẹ̀ ńlá lórí rẹ̀ lágbègbè wa. Lọ́dún 1986, orílẹ̀-èdè kékeré yìí bẹ̀rẹ̀ ètò láti fún àwọn ìkókó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára Hepatitis B, wọ́n sì ń tẹ̀ síwájú láti agbègbè kan sí òmíràn fún ọdún mẹ́rin. Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ náà kún èyí tí gbogbo ọmọ ń gbà lọ́dún 2004. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹ́ òbí lónìí ni wọ́n ti bí ṣáájú rẹ̀.

Ohun kejì ni aràn kan tó ń gbé nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń mú kí ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn àtọ̀sí ajá. Èyí tí à ń sọ kì í ṣe ilé ìtọ̀ ló máa ń lọ. Inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ìfun lọ sínú ẹ̀dọ̀ gan-an ló ń gbé.

Ibẹ̀ ni aràn náà ti ń yé ẹyin. Àwọn kan nínú ẹyin náà á bá ìgbẹ́ jáde, àwọn kan á ba ìfun jẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì gbá àwọn yòókù lọ sínú ẹ̀dọ̀. Bí ẹyin ṣe ń há síbẹ̀ ni àpá ń pọ̀ sí i. Bí ìfúnpá ṣe máa ń ga nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹni náà mu ọtí rí.

Senegal mọ ohun tí aràn yìí lè ṣe. Lọ́dún 1986, wọ́n parí ìdídò Diama lórí odò Senegal kí omi iyọ̀ òkun má baà wọ oko. Omi tó wá di aláìníyọ̀ náà gba àwọn ìgbín omi tó ń gbé aràn náà láyè. Lọ́dún 1988, wọ́n rí àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ ní Richard-Toll, ìlú tí wọ́n ti ń gbin ìrèké. Kò pẹ́ rárá tó fi kárí ìlú náà.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà láti Íjíbítì lórí bí wọ́n ṣe ń wo aràn yìí. Láti ọdún 1950 síwájú títí di ìgbà tó súnmọ́ 1980, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń wò ó níbẹ̀, wọ́n sì ń lo abẹ́rẹ́ kan náà fún ọ̀pọ̀ èèyàn láìsè é dáadáa. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kó gba ẹ̀dọ̀ là ló tan Hepatitis C, kòkòrò mìíràn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ká orílẹ̀-èdè náà.

Praziquantel, oògùn oníhóró tí àwọn ará Jámánì ṣe ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1979, ló gba ipò abẹ́rẹ́ náà. Òun ni wọ́n ń pín fún àwọn ọmọ iléèwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà lónìí, títí kan Nàìjíríà. Ó ń pa aràn. Àmọ́ kò lè pa àpá tó ti wà lára ẹ̀dọ̀ rẹ́ lọ́wọ́ kan.

Àwọn tí àpá yẹn ti wà lára wọn ni propranolol ṣì kù fún. Lọ́dún 1994, àwọn dókítà ní Sudan tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde lórí àwọn tí aràn yìí ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Iye àwọn tó kú kéré sí i láàárín àwọn tó lo propranolol. Ohun tí wọ́n rí ní Paris lára àwọn ọ̀mùtí ti jẹ́ òótọ́ lára àwọn àgbẹ̀ tó ń wọ odò.

Ilé ìwòsàn kan náà ló kìlọ̀

Ìtàn oògùn yìí kò dúró síbi ìyìn nìkan. Lọ́dún 2010, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìròyìn àkọ́kọ́, Beaujon kan náà ló kìlọ̀. Wọ́n rí i pé àwọn tí ògùdùgbẹ̀ wọn ti le gan-an, tí omi kì í kúrò nínú ikùn wọn mọ́, tí wọ́n sì ń lo irú oògùn yìí, tètè ń kú ju àwọn tí kò lò ó lọ. Lebrec fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ ìròyìn náà.

Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ibi tí ààlà yẹn wà. Àmọ́ láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti ń ṣọ́ra fún ẹni tí ìfúnpá ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń dákẹ́ iṣẹ́.

Lọ́dún 2019, ìdánwò kan láti Spain, tí wọ́n fi aláìsàn 201 ṣe, ti ọ̀rọ̀ náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn. Àwọn tí ìfúnpá inú iṣan wọn ti ga àmọ́ tí ara wọn ṣì le, tí wọ́n lo propranolol tàbí carvedilol tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ní omi nínú ikùn bíi ti àwọn tí kò lò ó. Carvedilol ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń kọ́kọ́ mú báyìí.

Tí ẹ bá to gbogbo rẹ̀ pọ̀, láti 1981 dé 2019, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: oògùn náà wúlò jù lọ fún ẹni tó tètè mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ òun ń ṣàìsàn.

Oògùn wà, àyẹ̀wò ló kù

Yorùbá ní oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Propranolol kì í ṣe oògùn olówó ńlá, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń pariwo rẹ̀.

Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n lè fi ẹ̀rọ kámẹ́rà wọlé kí wọ́n fi rọ́bà kékeré di iṣan tó wú. Ọ̀pọ̀ ìlú lágbègbè wa ni ẹ̀rọ yẹn kò sí. Níbi tí kò bá sí, hóró oògùn yìí lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó wà láàárín aláìsàn àti ẹ̀jẹ̀ tó máa ya.

Síbẹ̀, kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń rà fúnra rẹ̀. Ó léwu fún àwọn tó ní asthma, fún àwọn tí ọkàn wọn kì í lù tó bó ṣe yẹ àti àwọn tí ìfúnpá wọn ti lọ sílẹ̀. Ó lè mú kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà má tètè mọ̀ pé ṣúgà ara òun ti lọ sílẹ̀. Dídá a dúró lójijì náà léwu. Kò sì sí fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n sáré gbé onítọ̀hún lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fúnra rẹ̀ ni àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún Hepatitis B àti C wà. Ọmọ tuntun tí kò tíì pé wákàtí 24 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Hepatitis B àkọ́kọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń pọ́n bí òbí ata, tí ikùn rẹ̀ ń wú, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kò yẹ kó dúró sílé máa wá ẹni tó ṣe é.

Àwọn aláìsàn 74 tó wà ní Beaujon mọ ohun tó ń ṣe wọ́n kí wọ́n tó gba hóró oògùn àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ títí di alẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ́, nígbà tí ẹbí bá ń bi ara wọn pé ta ló fi májèlé sóúnjẹ. Oògùn tó lè dá alẹ́ yẹn dúró ti wà láti ọdún 1964.